Ṣé àìsí òjé nínú epo ló ń pa fáàfù Pijó bàbá mi?

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Pijó 504 bàbá mi tó dolóògbé, ti ọdún 1982, ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Bàbá fúnra wọn ló ń wà á títí di 2016 tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Láti ìgbà náà, abẹ́ igi máńgòrò ló wà ní Òkè-Baálẹ̀, kí n tó jí i dìde lẹ́yìn Àjíǹde tó kọjá. Ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí mo bá ń gun òkè lójú ọ̀nà Iléṣà, mo máa ń gbọ́ ìró kan, ṣẹkẹṣẹkẹ, bí ìgbà tí èèyàn ń mi ẹ̀pà nínú agolo.

Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá kò tilẹ̀ tíì tú nǹkan kan tó fi sọ pé epo òde òní kò ní òjé, pé ó ti ń jẹ fáàfù, àwọn ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó ń pa dé nínú ẹ́ńjìnì, kí n lọ wá ₦240,000 fún top cylinder (orí ẹ́ńjìnì) mìíràn àti owó iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní London ní kí n má dá a lóhùn, pé oògùn kan wà tí wọ́n ń dà sí táǹkì, òun á fi ránṣẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Ṣé lóòótọ́ ni epo yìí ń ba ọkọ̀ àtijọ́ jẹ́?

*

Bàbá Tápẹ́ẹ̀tì

Àbúrò, má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lọ wá òòfà. Èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ ti tó. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, fi kan ara ẹ́ńjìnì nísàlẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, torí irin ni bulọ́ọ̀kù. Wá gbé e sókè síbi tí plọ́ọ̀gì ti wọlé. Bó bá já bọ́, alumíníọ̀mù ni top cylinder rẹ, bí ti 504 sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ìdí tí mo fi ní kó o ṣe é ni pé kò sẹ́ni tó lè jẹ́ kí fáàfù máa gbá alumíníọ̀mù lásán. Ó rọ̀ jù. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ń tẹ òrùka irin bọ ibi tí fáàfù ń jókòó lé. Òrùka yẹn le ju irin lásán tó wà lórí ẹ́ńjìnì àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ lọ fíìfíì. Ìjàpá Volkswagen náà rí bẹ́ẹ̀. Pijó tí wọ́n ń tò ní Kàdúná àti Ìjàpá tí wọ́n ń tò l'Ékòó láti 1975, àwọn méjèèjì tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ àtijọ́ tó ṣì ń rìn l'Óṣogbo níbí, alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnì wọn.

Iṣẹ́ méjì ni òjé ń ṣe nínú epo nígbà náà. Èkíní ni wọ́n torí rẹ̀ fi í sí i. Ní 1921, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Thomas Midgley ní General Motors l'Ámẹ́ríkà rí i pé bí wọ́n bá da oògùn olójé díẹ̀ sínú epo, ẹ́ńjìnì kì í ṣe ṣẹkẹṣẹkẹ mọ́. Ọdún 1923 ló bọ́ sọ́jà. Èkejì, wọn ò wá a lọ, ṣe ni wọ́n bá a pàdé: òjé tó jó tán máa ń lẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sójú ibi tí fáàfù ń jókòó, irin kì í wá fi ojú kojú pẹ̀lú irin. Nígbà tí wọ́n yọ òjé kúrò, iṣẹ́ kìíní, wọ́n rí nǹkan mìíràn fi rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ kejì ni gbogbo ariwo yìí dá lé.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò. Oṣù kẹfà 2001 ni àwọn orílẹ̀-èdè ìsàlẹ̀ Sàhárà pàdé ní Dakar pé àwọn máa jáwọ́ nínú epo olójé. Nígbà tí 2006 fi máa wọlé, ó ti tán nílé epo wa. Bàbá rẹ wà á títí di 2016. Ọdún mẹ́wàá, ó kéré tán, lórí epo tí kò lójé. Ṣé ìwọ ni fáàfù yẹn wá ń dúró dè kó tó bàjẹ́ ni?

*

Ará Ìlobùú

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, àmọ́ ẹ̀ ń fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Morris Minor ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ọdún 2009, wọ́n wà á lọ sí Abùjá fún ìgbéyàwó. Nígbà tí wọ́n máa fi padà dé, sílíńdà kan ti kú. Ojú mi ni wọ́n ṣe tú u. Fáàfù ẹgísọ́ọ̀sì ti rì wọnú orí ẹ́ńjìnì bí èékánná ẹsẹ̀ tó wọnú ẹran. Kí ló fà á tí kì í bá í ṣe àìsí òjé?

*

Bàbá Tápẹ́ẹ̀tì

Òun náà ni. Èmi ò sọ pé kò sí àìsàn náà, mo ní Pijó ọmọ yẹn kọ́ ló ń ṣe.

Irin lásán ni orí ẹ́ńjìnì Morris, ara irin yẹn gan-an ni wọ́n gbẹ́ ìjókòó fáàfù sí. Fáàfù ẹgísọ́ọ̀sì ló ń fara gba iná jù. Bó bá ti gbóná dójú ẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá jókòó, á lẹ̀ mọ́ irin abẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan tí ojú ò lè rí, bó bá tún gbéra, á ha bíńtín lára rẹ̀ lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìjókòó á máa jẹ, tí fáàfù á máa rì.

Mo ti ní Morris rí, 948 cc, ọwọ́ tíṣà kan tó fẹ̀yìn tì ni mo ti rà á. Ìwé rẹ̀ ní kí àlàfo tápẹ́ẹ̀tì, àyè bíńtín tó wà láàárín fáàfù àti irin tó ń tì í ṣí, jẹ́ 0.012 íǹṣì bí ẹ́ńjìnì bá tutù. Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi kọ ọ́ sára ògiri, sílíńdà kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí mo wọ̀n ọ́n. Odidi ọdún méjì ni mo fi wà á nínú ìlú, Ọlá-Ìyá sí Òkè-Fíà, Òkè-Fíà sí ọjà, kò sún rárá. Ọdún tí ọmọ mi wọ yunifásítì l'Ékòó ni mo tó lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí mo tẹná dáadáa torí mo ń sá fún alẹ́. Mo dé, mo wọ̀n ọ́n: sílíńdà kẹta ti di 0.009. Ìrìn-àjò tó tẹ̀ lé e, 0.006. Fílà géèjì, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo náà, tó ń wọlé geere tẹ́lẹ̀ wá ń lọ́ra bí ẹni tó ń wọ ilé ẹni tó jẹ ní gbèsè.

Ibi tó ti ń tan àwọn èèyàn jẹ nìyí. Nǹkan tó bá jẹ, a rò pé àlàfo rẹ̀ á máa fẹ̀ ni, pé á máa pariwo. Ti èyí yàtọ̀. Bí fáàfù bá ṣe ń rì sókè ni àlàfo tápẹ́ẹ̀tì ń dín kù, ẹ́ńjìnì á wá máa dákẹ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n ìyá yín á ti máa sọ fáwọn ará ọkọ̀ pé "ẹ ò rí bó ṣe ń dún múlọ́múlọ́". Ọjọ́ tí àlàfo bá tán, fáàfù ò ní lè pa dé mọ́, iná á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, á sì jó o.

Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Machine Tools l'Óṣogbo níbí ló bá mi tún un ṣe. Ó gbẹ́ ìjókòó ẹgísọ́ọ̀sì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tẹ òrùka irin líle bọ̀ ọ́, ó lọ fáàfù lé e lórí. Ó parí síbẹ̀. Oògùn inú ìgò náà ń ṣiṣẹ́ fún irú Morris bẹ́ẹ̀, ti potassium, ti phosphorus tàbí ti manganese, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà téèyàn bá ra epo ló gbọ́dọ̀ dà á sí i, kò sì gbọdọ̀ po oríṣi méjì pọ̀. Ẹni tí kì í gbé Morris kọjá Ẹdẹ kò nílò méjèèjì. Kó ṣáà máa wọn tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

*

Dírẹ́bà Gbọ̀ngán

Ẹ̀yin ń sọ gírámà. Èmi wa 504 fún ọdún mọ́kàndínlógún, Òṣogbo sí Ìbàdàn, èrò mẹ́sàn-án. Káńfọ̀ mẹ́ta sí táǹkì kan, ìdérí ọ́ìlì kan lé e. Ṣẹkẹṣẹkẹ ò gbọdọ̀ dún. Fáàfù mi ò jó rí.

*

Bàbá Tápẹ́ẹ̀tì

Ọ̀gá mi, mo mọ iye ọmọ tí káńfọ̀ yẹn bá yín tọ́, mi ò ní bú u. Ẹ jẹ́ n tiẹ̀ gbè yín díẹ̀: naphthalene tí wọ́n fi ń ṣe káńfọ̀ gidi máa ń dín ṣẹkẹṣẹkẹ kù lóòótọ́. Èmi náà dán an wò ní 1988 nínú Ìjàpá tí mo kọ́kọ́ ní. Ọjọ́ kẹrin, ọ̀nà Ìkìrun ló dá mi dúró sí. Mo tú kabúrétọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo gbé jẹ́ẹ̀tì sójú oòrùn, nǹkan funfun kan bí iyọ̀ ti dí ihò rẹ̀. Epo ti gbẹ, káńfọ̀ ti tún dì padà. Fún oṣù kan gbáko, inú ọkọ̀ ń rùn bí àpótí aṣọ òkè ìyá àgbà.

Nígbà yẹn, a ṣì mọ ohun tá à ń rà. Káńfọ̀ ìsinsìnyí, òmíràn kì í ṣe naphthalene rárá, chlorine ló wà nínú ẹ̀. Bó bá jó nínú ẹ́ńjìnì, ásíìdì ló ń dà.

Ti ọ́ìlì ni mi ò gbà rárá. Ọ̀kadà tó ń pò ọ́ìlì mọ́ epo, bí wọ́n ṣe ṣe ẹ́ńjìnì tiẹ̀ nìyẹn. Ti Pijó ní ọ́ìlì tiẹ̀ nísàlẹ̀. Ọ́ìlì inú epo kì í gba fáàfù là, èédú ló ń kó sórí písítìnì, ó sì ń jẹ́ kí epo tètè gbiná. Ẹ ń fi ọwọ́ ọ̀tún pa ṣẹkẹṣẹkẹ, ẹ ń fi tòsì pè é padà. Bóyá ìdí tí káńfọ̀ fi ní láti di mẹ́ta nìyẹn.

*

Dírẹ́bà Gbọ̀ngán

Hahaha. Ẹ̀kẹta yẹn, lóòótọ́, ọ̀gá mi ló ní kí n fi kún un.

*

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀

Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Mo ti fi òòfà wò ó, ó já bọ́, ó tilẹ̀ kó sábẹ́ ọkọ̀, mi ò tíì rí i mú jáde. Alumíníọ̀mù ni. Àmọ́ ìró yẹn ṣì ń bà mí lẹ́rù. Mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnì ti fẹ́ nọ́ọ̀kì.

*

Bàbá Tápẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ "nọ́ọ̀kì" yìí ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di onígbèsè. Nǹkan méjì ni à ń fi pè. Bí mẹkáníìkì bá ní ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì, bẹ́ríìnì ìsàlẹ̀ ló ń sọ, gbàgà-gbàgà-gbàgà, tó ń dún bí ọkọ̀ bá dúró, tó ń dún bó bá ń lọ. Ìyẹn, ìnáwó ni. Ìró ẹ̀pà nínú agolo tí kì í dún àyàfi bí o bá tẹná lórí òkè, epo tó gbiná kó tó yẹ ni. Bí o bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, tó dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, òun ni. Má kàn jẹ́ kó máa dún bẹ́ẹ̀ lọ o, ó lè lu písítìnì.

Ohun tó ń fà á ní ọ̀dọ̀ wa, mo máa ń kọ́kọ́ fura sí kẹrosíìnì kí n tó fura sí àìsí òjé. Ẹni tó ń ta epo nínú gálọ́ọ̀nù lẹ́bàá ọ̀nà ò búra fún ẹ. Tu epo díẹ̀ sínú ìgò, kán ẹ̀kán kan sórí ìwé funfun tó mọ́, jìnnà sí iná, kó o dúró. Bẹntiróò gidi á gbẹ tán, ìwé á padà sí bó ṣe wà. Tó bá ní kẹrosíìnì tàbí dísù, àmì ọ̀rá á kù síbẹ̀. Ọmọ Òṣogbo ìlú aró ni wá, a mọ àbàwọ́n tá a bá rí i.

Lẹ́yìn náà, táímìnì. Ṣí ìdérí disitiribútọ̀ tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì, kí ẹnì kan rọra yí ẹ́ńjìnì kó o mọ apá ibi tí rótọ̀ inú rẹ̀ ń yí sí. Tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ díẹ̀, yí ara disitiribútọ̀ gba apá ibi tí rótọ̀ ń yí sí, bíńtín báyìí, kó o tún un dè. Ìyẹn ń mú kí iná plọ́ọ̀gì pẹ́ díẹ̀. Lọ gun òkè yẹn ní jíà kẹta. Bó bá dákẹ́ àmọ́ tí ọkọ̀ wá ń wọ́ ẹsẹ̀ tó sì ń gbóná, o ti yí i jù.

Ìbéèrè kan ló kù: epo tó wà nínú táǹkì láti 2016, ṣé o dà á nù?

*

Ẹ̀gbọ́n London

Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Èmi ni ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ fi oògùn ránṣẹ́. Níbí, láti oṣù kẹsàn-án 2021 ni E10 ti di epo tí gbogbo ilé epo ń tà, ethanol (irú ọtí kan) ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lè wà nínú ẹ̀. Àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ ń pariwo pé ó ń jẹ rọ́bà. Mo rò pé bákan náà ló rí nílé ni.

*

Bàbá Tápẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú àmójútó àbúrò yín, mà. Ẹ má binu sí mi, epo ọ̀dọ̀ yín kọ́ ni epo ọ̀dọ̀ wa. Oògùn tí ẹ fẹ́ rà fún fáàfù, kò ní ṣe rọ́bà ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n rọ́bà tí ẹ dárúkọ yẹn, ó ju gbogbo ohun tá a ti ń sọ látàárọ̀ lọ.

Ẹ ò gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ 2022, tí epo tí methanol pọ̀ nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà, tí ìjọba ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà, tí a tò fún epo títí a fi sùn sórí ìlà. Methanol le sí rọ́bà àtijọ́ àti irin inú kabúrétọ̀. Nínú oṣù yẹn ni mo ń gbọ́ òórùn epo nínú Ìjàpá mi, mo rò pé mo kún táǹkì jù ni. Ọjọ́ kan, mo ṣí ẹ̀yìn, mo fi àtàǹpàkò àti ìka tẹ rọ́bà tó gba ẹ̀gbẹ́ disitiribútọ̀ kọjá. Ó fọ́ sí mi lọ́wọ́ bí àkàrà tó ti sùn. Epo ń kán tó disitiribútọ̀ ní ìwọ̀n ọwọ́ kan péré, ibẹ̀ sì ni iná ti ń ṣẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìjàpá tó jóná lójú títì, tí wọ́n ń sọ pé ọ̀tá ló ṣe é, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ rọ́bà tí kò tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà.

Mà, ẹ bá wa ra rọ́bà epo tí wọ́n kọ R9 sí lára, irú tí ethanol kì í tètè jẹ, mítà méjì, pẹ̀lú kílíìpù rẹ̀. Ìyẹn ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

*

Ayé Àtijọ́ Ló Dára

Ẹ kàn dá òjé padà sínú epo, wàhálà tán. Ṣebí a lò ó, a ò kú.

*

Bàbá Tápẹ́ẹ̀tì

Àwa tá ò kú là ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní 2010 ní Zamfara, eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà pa ọmọdé tó ju irinwó lọ. Algeria ló kẹ́yìn tó ta epo olójé fún ọkọ̀, oṣù keje 2021. Wọn ò ní dá a padà nítorí fáàfù ẹnì kan. Òjé tó bá wà lọ́wọ́ olóòṣà Ọbàtálá, ọrùn ọwọ́ ló mọ. Èyí tó bá gba ẹgísọ́ọ̀sì jáde, inú ọpọlọ ọmọ ló ń lọ.

*

Ọmọ Òkè-Baálẹ̀

Ẹ dákun, bàbá, ẹ má bú mi. Mi ò da epo 2016 nù. Orí rẹ̀ ni mo ra lítà mẹ́wàá sí.

Lánàá ni mo tú u. Ó pọ́n bí ọtí àgàdàgídí, ó sì ń rùn bí ọ̀dà. Mo kán an sórí ìwé bí ẹ ṣe wí, ó fi òrùka kan tó ń dán sílẹ̀. Mo kán èyí tí mo rà lẹ́bàá ọ̀nà náà, òun náà fi tiẹ̀ sílẹ̀, kò kàn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo fọ táǹkì, mo pààrọ̀ fílítà, mo ra lítà márùndínlógún nílé epo gidi. Mo gun òkè Iléṣà láàárọ̀ yìí. Ó dún díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mi ò tíì fọwọ́ kan táímìnì. Mo wọn tápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìwé bàbá: méje bára mu, ọ̀kan fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Rọ́bà epo ti sán wẹ́wẹ́ lójú méjì.

Mẹkáníìkì yẹn pè mí pé òun ti bá mi rí top cylinder ní ₦210,000.

*

Bàbá Tápẹ́ẹ̀tì

Kí lo máa fi ìyẹn ṣe? Epo tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ohun tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ ti fẹ́ lọ, gọ́ọ̀mù ló kù. Tú kabúrétọ̀ kó o fọ̀ ọ́, torí díẹ̀ nínú rẹ̀ ti wọbẹ̀. Èyí tó fẹ̀ yẹn, dín in sí ìwọ̀n tó wà nínú ìwé. Fáàfù tó ń rì kì í fẹ̀. Yí táímìnì bíńtín. Ṣọ́ omi rédíétọ̀ rẹ ju bó o ṣe ń ṣọ́ òjé lọ, alumíníọ̀mù tó bá gbóná jù máa ń tẹ̀, ìgbà yẹn lo máa wá ra top cylinder tòótọ́.

Má wà á jáde mọ́ títí rọ́bà yẹn á fi kúrò, bó ti wù kí ọ̀nà kúrú tó. Kọ ìwọ̀n tápẹ́ẹ̀tì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ àti ọjọ́ òní sára ògiri, kó o tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn 3,000 kìlómítà. Kó o sì wá òòfà yẹn jáde lábẹ́ ọkọ̀, màá yá a.